Ìkókó Kò Sùn, Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Náà Kò Sùn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ẹnu ara mi ni ó ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ní láti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó máa bá ìtàn lọ.

Ní ọdún 2022 ni Ọlọ́run fún wa ní ọmọ wa kẹta, níbí ní Kaduna. Èkejì kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Oṣù ogún péré ló wà láàárín wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ irú ọmọ méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìkókó á jí ní agogo méjìlá òru, á mu ọmú, á sùn. Ní agogo méjì ó tún ti jí. Bó bá ti figbe ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà á dìde, á ní àfi kí màmá gbé òun. Ìyá wọn á wá gbé ọ̀kan sí àyà, á pọn èkejì sẹ́yìn, á máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀ títí di agogo mẹ́rin. Èmi ńkọ́? Èmi ní àdúrà òwúrọ̀ ní agogo márùn-ún ààbọ̀. Mo ti fi ìrọ̀rí bo etí.

Lóru ọjọ́ kan, ìyàwó mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún láìpariwo. Dípò kí n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Ìyá mi bí méje, n kò gbọ́ ọ rí kó sọ pé oorun ń kun òun." Kò dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ láya nílé mọ irú ìdákẹ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Mò ń sọ ohun tí àwọn ìyá wa ṣe láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n n kò yẹ̀ ẹ́ wò rí bóyá òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ wa ló sì ń sọ irú rẹ̀, àní a ń wàásù rẹ̀: pé àwọn ìyá ìgbà kan lágbára, àwọn ti òde òní ò lè fara da nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo bi í bó ṣe ń ṣe é nígbà tí ìkókó kò bá jẹ́ kó sùn, tí ẹ̀gbọ́n ìkókó náà sì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

"Àjàní, ẹ̀gbọ́n wo? Ka ọjọ́ orí ẹ̀yin méjèèje kó o gbọ́."

Mo kà á. Èmi ni ìkarùn-ún, àkọ́bí sì fi ọdún méjìlá jù mí lọ. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló wà láàárín wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tí mo bá fi máa bí èyí tó kàn, èyí tó wà nílẹ̀ ti ń dá jẹun. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá yín ló sì ń sùn. Ta ló sọ fún ọ pé èmi nìkan ni mo tọ́ yín?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi lọ sídìí ìwé.

Ohun tí ìyá mi sọ kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, bí obìnrin bá bímọ, òun àti ọkọ rẹ̀ kì í súnmọ́ ara wọn títí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, nígbà mìíràn ó tún ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí ọkọ bá wọlé tọ aya nígbà tí ọmọ ṣì ń mu ọmú, wàrà yóò bàjẹ́, ọmọ yóò sì ṣàìsàn. Ìtìjú ńlá ni kí wọ́n sọ pé obìnrin lóyún lé ọmọ. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ gún ìyá lára, wọ́n á sì sọ fún bàbá náà pé kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. John àti Pat Caldwell, tọkọtaya onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan láti Australia, ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1977. Wọ́n rí i pé àṣà náà ṣì wọ́pọ̀ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń dínkù láàárín àwọn tó kàwé tí wọ́n ń gbé ìlú ńlá.

Ní ti wàrà tó ń bàjẹ́, àwọn oníṣègùn kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí ìgbàgbọ́ yẹn ṣe. Nígbà tí ìkókó bá dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, ó ti mọ ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí, ẹ lè rán an pé kó lọ mú aṣọ wá. Ó ṣọ̀wọ́n kí obìnrin kan ṣoṣo ní ọmọ méjì tí wọn kò tíì mọ òye, kí àwọn méjèèjì máa ké pè é lóru kan náà.

Àwọn ará Bíbélì náà mọ èyí. Hánnà kò gòkè lọ sí Ṣílò títí ó fi já Sámúẹ́lì lẹ́nu ọmú, nígbà tó sì já a, ọmọ náà ti tó ẹni tí wọ́n lè fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Élì. Ábúráhámù se àsè ńlá lọ́jọ́ tí wọ́n já Ísáákì lẹ́nu ọmú. Ìwé Makabé Kejì kò sí nínú Bíbélì tí a ń kà ní ìjọ wa, ṣùgbọ́n ìyá kan wà níbẹ̀ tó rán ọmọ rẹ̀ létí pé ọdún mẹ́ta ni òun fi fún un lọ́mú. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo ka gbogbo ibi wọ̀nyí, n kò bi ara mi rí pé ọmọ yẹn tó ọdún mélòó, tàbí pé kí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe lóru.

Bí àlàfo yẹn bá kéré, ta ló ń jìyà jù? Èmi rò pé ìyá ni. Ó ya mi lẹ́nu láti rí i pé ẹ̀gbọ́n ni. Ní etíkun Ghana, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast, dókítà obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Cicely Williams. Jamaica ni wọ́n bí i sí, ní 1929 ló dé ibẹ̀. Ó ń rí àwọn ọmọ kéékèèké tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó, tí wọn kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ó bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n ń pe àìsàn náà. Wọ́n dá a lóhùn ní èdè Gã: kwashiorkor. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tó ń mú ẹ̀gbọ́n nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ọmọ tí wọ́n sáré gbà lẹ́nu ọmú, tí wọ́n wá ń fi ẹ̀kọ lásán bọ́. Ní 1935 Williams lo orúkọ yẹn nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ The Lancet, gbogbo ayé sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ọ̀pọ̀ wa mọ kwashiorkor láti inú àwòrán ogun Biafra, a sì rò pé ebi ogun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Rárá o. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyálọ́mọ ni. Wọ́n ti rí i pé nígbà tí gbogbo ilé bá dojú kọ ìkókó, ẹnìkan wà ní igun ilé tí ẹnikẹ́ni kò wò mọ́.

Nílẹ̀ wa níbí náà, Dókítà David Morley, tó wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, dá kíníkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ló ti gbé káàdì kan kalẹ̀ tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, ìyá fúnra rẹ̀ ló sì ń tọ́jú káàdì náà nílé. Bí ìlà inú káàdì bá ti dẹ́kun lílọ sókè, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ọmọ yẹn kó tó di pé ara rẹ̀ wú. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ nínú báàgì, ìlú kékeré tiwa ni wọ́n ti fi ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí òru. Ìkókó kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Nínú wákàtí 24, ó lè sùn tó wákàtí 16, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń sùn ún, nítorí ikùn rẹ̀ kéré, oúnjẹ sì tètè ń dà níbẹ̀. Ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́rin kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí mọ̀ pé òkùnkùn ni àsìkò oorun. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Wọ́n ti gbé ìkókó wá bá mi rí pé kí n ṣe àdúrà ìtúsílẹ̀ fún un nítorí igbe òru. Mo gbàdúrà o, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ ìgbà tó fún un lọ́mú kẹ́yìn.

Nínú agbo ilé àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò retí kí ìkókó sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ lórí ẹní ló ń sùn, ọmú sì wà nítòsí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀já ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá, ẹ̀yìn ìyá àgbà, ẹ̀yìn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ní kó bá wọn pọ̀n ọ́n jáde sí ojúde kó lè dákẹ́. Oorun tí ìyá kò rí sùn lóru, ó lè sùn ún lọ́sàn-án nígbà tí ọmọ bá wà lẹ́yìn ẹlòmíràn. Kò sí pé ó ní agbára kan tí ìyàwó mi kò ní. Ọwọ́ ló pọ̀ nínú ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi oyin bo ìtàn. Ìkókó tó kú nígbà yẹn kò níye. Ìdí tá a fi ní orúkọ bíi Málọmọ́ àti Dúrósinmí nìyẹn. Àwọn ìyáálé kan fi ojú ìyàwó kékeré rí màbo. Òótọ́ kan tún wà tá a gbọ́dọ̀ sọ: ọkọ tó ní aya mẹ́ta ni ó rọrùn fún jù láti dúró de ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846, ẹ̀kọ́ ọkọ kan aya kan ni wọ́n mú wá, a sì dúpẹ́ fún un. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ fẹ́ kejì o, kí àwọn bàbá kan má fi ìwé mi ṣe àwáwí! Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tá a gba ẹ̀kọ́ rere yẹn, a kò ronú pé ilé aláya kan yóò nílò ọwọ́ míì.

Ẹ sì má rò pé àwọn òyìnbó tó kọ́ wa ni ẹ̀sìn dá a ṣe. A máa ń fi Susanna Wesley, ìyá John àti Charles Wesley, wàásù lọ́jọ́ Àìkú Àwọn Ìyá. Ọmọ 19 ló bí ní nǹkan bí ogún ọdún. 10 ló yè. Ní 1732 ó kọ lẹ́tà sí John nípa bí ó ṣe tọ́ wọn: lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n ń tẹ́ ọmọ sínú ibùsùn rẹ̀ láìtíì sùn, wọ́n sì ń mì ín títí yóò fi sùn, wákàtí mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lọ́sàn-án. Nígbà tí mo kà á, mo bi ara mi pé, ta ni "wọ́n"? Obìnrin tó tún ní ọmọ ọdún kan, ọmọ ọdún méjì àti ọmọ ọdún mẹ́rin nílẹ̀ kò lè jókòó ti ibùsùn kan fún wákàtí mẹ́ta. Àwọn Wesley jẹ gbèsè gan-an, síbẹ̀ wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ó tún wà nínú ìtàn ìdílé wọn pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ṣèèṣì fún ìkókó kan pa. Ẹ rántí àwọn obìnrin méjì tó wá síwájú Sólómọ́nì. Ìdà tí ọba ní kí wọ́n mú wá là ń wàásù nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin kan sùn lé ọmọ rẹ̀ lóru. Inú ilé yẹn, àwọn méjèèjì nìkan ló wà, Bíbélì sọ ọ́ gbangba pé kò sí àlejò pẹ̀lú wọn.

Ibi tí kò bá ti sí ọwọ́, oògùn ni wọ́n ń sá sí. Ní England, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oògùn olómi kan wà tó ń jẹ́ Godfrey's Cordial. Àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní fákítírì àti àwọn tó ń bá wọn tọ́mọ ń fún ìkókó kó lè sùn. Opium wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 1849, Mrs. Winslow's Soothing Syrup ni wọ́n ń rà. Morphine ló wà nínú tirẹ̀. Àwọn ọmọ sùn lóòótọ́, àwọn kan kò sì jí mọ́. Kí ẹ tó mi orí fún wọn, ẹ rántí òpin ọdún 2008 ní Nàìjíríà wa yìí, nígbà tí kẹ́míkà olóró wọ inú oògùn eyín ọmọdé tó ń jẹ́ My Pikin. Iye ọmọ tí ìjọba kéde pé wọ́n kú lé ní 80. Títí dòní mo mọ ilé tí wọ́n ti ń fún ọmọ tí kò ní ọ̀fìnkìn ní Piriton nítorí kó lè sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Báwo la ṣe wá bọ́ sínú èyí, àwa tí a wà ní òkè ọya? Reluwé ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá tó dá irú ìjọ tiwa sílẹ̀ wá. Irin dé Kano, àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà sì tò tẹ̀ lé e. Wọ́n kó ọjà wá, wọ́n kó aya wá, wọ́n gbé Bíbélì wá, ṣùgbọ́n agbo ilé kò ṣe é gbé sínú reluwé. Ohun tí wọ́n fi dí i ni pé bí obìnrin bá ti bímọ, ìyá rẹ̀ á wá láti ilé wá wẹ ọmọ, á sì lo oṣù mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí fún ọmọ wa àkọ́kọ́ àti ìkejì.

Ní ti ẹ̀kẹta, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu reluwé tó ń bọ̀ láti Abuja sí Kaduna, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó èèyàn lọ. Ojú ọ̀nà títì náà ti di ẹ̀rù tipẹ́. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó mi bímọ. Ìyá rẹ̀ ti di ẹrù, ó ti ra ọṣẹ dúdú àti òrí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kò gbọdọ̀ lọ, mi ò sì lè sọ pé kó máa bọ̀. Èyí ni ìyá méje tí mo fi ń wé ìyàwó mi: ẹni tó ní ìyá ọkọ ní yàrá kejì, tí ọmọ rẹ̀ fi ọdún mẹ́ta jura. Ìyàwó mi ní èmi, èmi sì fi ìrọ̀rí bo etí.

Oṣù ogún tó wà láàárín àwọn ọmọ wa ńkọ́? A kò fètò sí i. Pásítọ̀ ni mí, ojú ń tì mí láti jókòó sí kíníkì ìfètòsọ́mọbíbí níbi tí àwọn ọmọ ìjọ lè ti rí mi. Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó tó oṣù 24, ó kéré tán, lẹ́yìn ìbímọ kí ìyá tó tún lóyún. Ẹ fi oṣù mẹ́sàn-án oyún kún un, ó di 33. Ọdún mẹ́ta kù díẹ̀ nìyẹn, ibi tí àwọn ìyá bàbá wa ti wà kí dókítà kankan tó kọ̀wé nípa rẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún àwọn àgbà ìyá ìjọ wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, títí kan ọ̀rọ̀ burúkú tí mo sọ lóru. Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ ò sọ fún wa ni." Agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kanlẹ̀kùn. Ìyá yìí ni, ọ̀já wà nínú báàgì wọn. Mo sáré gbé ìkókó lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e padà fún mi.

"Èyí nílò ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n pọn ẹ̀gbọ́n, tó ti tóbi ju ẹni à ń pọ̀n lọ, wọ́n gbé e lọ sílé wọn, ó di ọ̀sán kí wọ́n tó dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn ìyá mẹ́ta fi ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí sùn gba òru kọjá, igbe àbúrò rẹ̀ kì í jí i mọ́. Èmi náà gba wákàtí tèmi: láti agogo mẹ́rin, ọmọ wà lọ́wọ́ mi, màmá rẹ̀ á sùn títí di méje, ẹlòmíràn ló sì ń darí àdúrà òwúrọ̀. Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ kọ́ mi pé ẹ̀yìn ni kí n máa fi ìkókó lélẹ̀ bí mo bá tẹ́ ẹ, kì í ṣe ikùn. Ní 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí polongo rẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, iye ìkókó tó ń kú lójú oorun láìnídìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dínkù sí ìdajì. Ó tún sọ pé bí ìyàwó mi bá ń sunkún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ilé ìwòsàn ni kí n kọ́kọ́ gbé e lọ, kí n tó pe àwọn alágbàdúrà.

Mo bẹ ìyàwó mi, mo ní ìtàn tí mo sọ fún un lóru ọjọ́sí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé kí n tó máa bá àlàyé lọ, kí n jọ̀ọ́ bá òun pààrọ̀ pámpásì ọmọ.